Ikọ́ fée gbé ọmọ mi lóru, kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe ká tó dé ọsibítù?

IyaDamola
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, mi ò tíì sùn dáadáa látijẹta. Àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ti ń ṣe ikọ́ fée láti bí ọdún méjì. Lálẹ́ ijẹta ọyẹ́ ń fẹ́, gbogbo àdúgbò tan jẹnẹrétọ̀, nígbà tó di bí aago méjì òru mo gbọ́ tí àyà ẹ̀ ń súfèé, kí n tó tan iná ó ti dìde jókòó, ó ń fi èjìká mí, àárín egungun ìhà ẹ̀ ń jìn wọlé. Mo fọn ínhélà búlúù sí i lẹ́nu ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló tú jáde bí èéfín, mi ò wá fọn mọ́ torí wọ́n ní ó máa ń jẹ́ kí ọkàn ọmọ máa sáré. Alájọgbélé wa gbé epo pupa dé, ìyá ọkọ mi ní kí n fi róòbù pa á láyà. A ò tètè rí mọ́tò. Nígbà tá a débẹ̀ wọ́n fún un ní ọ́síjìn, wọ́n fi nẹ́búláísà, ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn di ìkùukùu tí ọmọ ń mí símú, sí i nímú, ara ẹ̀ sì balẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ohun tí mo máa ṣe bó bá tún ṣẹlẹ̀. Ìfọn mélòó ló pọ̀ jù? Ṣé òótọ́ ni pé ínhélà máa ń di bárakú?

Noosi_Omode
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ kú ewu ọmọ. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì yẹn kéré mà, èyí tó sì wọlé nínú ẹ̀ ló tún kéré jù. Ẹ jẹ́ kó jókòó ṣánṣán, ẹ má jẹ́ kó dùbúlẹ̀, ẹ má pọ̀n ọ́n. Ẹ mi ínhélà, ẹ fọn ún lẹ́ẹ̀kan sínú sipésà, ìyẹn ike tó máa ń wà láàárín ínhélà àti ẹnu ọmọ kí oògùn má bàa tú dànù, kó mí wọlé mí jáde nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, kẹ́ ẹ tún mì í kẹ́ ẹ tún fọn ún, ẹyọ kọ̀ọ̀kan báyẹn títí dé 10. Ọkàn á sáré díẹ̀, ọwọ́ lè máa gbọ̀n, ìyẹn á lọ, àìrí èémí ló ń pa ọmọ.

Bí 10 bá pé tí kò rọlẹ̀, ọsibítù ni, kẹ́ ẹ sì máa fọn ọ́n lọ́nà. Ẹ má tiẹ̀ dúró kó pé 10 kẹ́ ẹ tó wá mọ́tò bí kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán, bí ètè tàbí ahọ́n ẹ̀ bá ń yí padà sí búlúù, tàbí tó ń tòògbé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn: bí àyà tó ń súfèé bá dákẹ́ lójijì tí ọmọ ṣì ń jà láti mí, kì í ṣe pé ó ti gbádùn o, afẹ́fẹ́ ni kò wọlé mọ́. Bó bá jẹ́ Èkó lẹ wà, ẹ pe 767 tàbí 112.

Alagba_Ijebu
Nígbà tèmi àdí àgbọn ni wọ́n fi ń wò wá, a ò sì kú.

Noosi_Omode
Ẹ ṣé bàbá, ẹ máa pẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ń mí gúlegúle, ohunkóhun tá a bá dà sí i lẹ́nu, àdí o, epo o, àgbo o, ó lè gba ọ̀nà òfun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, mo ti rí i. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fún wọn lákòókò yẹn.

BabaIbeji_
Mọ́mì Dàmọ́lá, ẹ má jẹ́ kí owó sipésà dá yín dúró. Ike omi 500 ml ni mo fi ṣe ti ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi. Mo fi wáyà gbígbóná lu ìdí ike náà kó ṣe rẹ́gí ẹnu ínhélà, mo ti ínhélà bọ̀ ọ́, mo fi gúlúù àti sẹ́lótéèpù dí gbogbo etí ẹ̀ pátápátá, ẹnu ike lọmọ ń fi sẹ́nu. Kì í ṣe àwàdà o, àwọn dókítà ní Cape Town dán an wò fáwọn ọmọ tí ikọ́ fée gbé, wọ́n sì gbé e jáde ní 1999, ike tí wọ́n dí etí ẹ̀ dáadáa ṣiṣẹ́ bíi èyí tí wọ́n ń tà, kọ́ọ̀bù lásán ni kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀, ẹ má fi aṣọ nù ún. Ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ní tiẹ̀ nílò èyí tó ní ìbòjú.

Apoogun_Tolu
Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo yín. Lórí bárakú, rárá mà, kì í di bárakú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ínhélà búlúù kàn ń ṣí ọ̀nà èémí fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, kì í wo wíwú tó wà nínú ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti ń lò ó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, dókítà ní láti fi ínhélà adènà kún un, èyí tá a máa ń fà lójoojúmọ́ yálà ara yá tàbí kò yá. Bí ara ọmọ bá rọlẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ fọn ún ṣùgbọ́n tí ikọ́ náà tún padà kó tó pé wákàtí mẹ́rin, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Prednisolone, oògùn tó ń mú wíwú inú ọ̀nà èémí rọlẹ̀, tí wọ́n bá fún un ní ọsibítù, ẹ jẹ́ kó lò ó pé iye ọjọ́ tí wọ́n kọ, kódà bó ti ń sáré kiri. Sírọ́ọ̀pù salbutamol, oògùn inú ínhélà búlúù yẹn tí wọ́n ṣe ní mímu, kì í yára ṣiṣẹ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e lóru. Ínhélà tó kún máa ń ní ìfọn 200, ẹ máa kọ iye tẹ́ ẹ ti lò sílẹ̀, torí tó bá tán ó ṣì máa ń tu èéfín jáde bíi pé oògùn wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìyẹn ti tàn jẹ.

IyaDamola
Mo dúpẹ́ o, Ọlọ́run á ba yín tọ́jú tiyín. Ti ike yẹn ti délé, bàbá ẹ̀ ló lù ú láàárọ̀ yìí. Dàmọ́lá fi ṣeré dáadáa, ó ń kà á fúnra ẹ̀, ení, èjì, títí dé àrún. Mo ti kọ iye ìfọn yẹn sára ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dúróòbù, ìyá ọkọ mi náà ti kà á.