Èsì: "Àyẹ̀wò aládáṣe" kọ́, ìdánwò àfẹ̀rọṣe ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n wa kan fi àkójọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ lò fún ìtumọ̀ openSUSE ránṣẹ́ síbí lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ní ìdánwò tí ẹ̀rọ ń bá wa ṣe kí ètò aṣàkóso kọ̀ǹpútà yìí tó jáde, "àyẹ̀wò aládáṣe" ni ká máa pè é. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, inú mi ò dùn sí i rárá.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti ohùn. Àdúrà di aládùúrà. Àdúgbò di aládùúgbò. Àdáni di aládàáni. Báwo wá ni àdáṣe ṣe di "aládáṣe"? Ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí à- kì í kú nígbà tí oní- (tó ń di al- níbí) bá wọlé; ńṣe ló ń sá lọ sórí sílébù tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti fi ogún ọdún kọ́ni ní Yorùbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń pe aládùúgbò kò ní ṣì í pè, àwa tí à ń kọ ọ́ sílẹ̀ fáyé kà ló wá ń ṣì í kọ.

Ti "àyẹ̀wò" ńkọ́? Wọ́n ní àwọn sá fún "ìdánwò" torí pé ó jọ ti Sátánì inú Bíbélì. Èyí tó wà nínú Àdúrà Olúwa, ìdẹwò ni. Dẹ kọ́ ni dán. Aláró ni ìyá ìyá mi, ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Bí omi eérú bá ti ro tán, wọ́n á ti ìka kan bọ̀ ọ́, wọ́n á tọ́ ọ wò. Tí ẹ̀lú bá sì ti kan nínú ìkòkò, wọ́n á tẹ̀ sí i, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Síbẹ̀ wọn ò tíì ní ki aṣọ oníbàárà bọ̀ ọ́. Wọ́n á ya àkísà funfun kan tó fẹ̀ tó ìka méjì, wọ́n á rì í, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á nà án sí atẹ́gùn, àwa ọmọ á sì máa wò ó bó ṣe ń ti àwọ̀ ewé bọ́ sí àwọ̀ aró. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní "mo ń dán an wò". Mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́nu ẹnì kan, lórí ìkòkò kan. Ẹni tó ń ka kóòdù ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó gbé e ṣiṣẹ́ ló ń dán an wò.

Ohun tí openQA, ètò tí openSUSE fi ń ṣe ìdánwò yìí, sì ń ṣe nìyẹn. Á tan kọ̀ǹpútà àfarawé kan nínú QEMU, ètò tó ń ṣe bí ẹni pé òun ni kọ̀ǹpútà, á máa tẹ bọ́tìnnì bí ẹni pé èèyàn ló jókòó tì í, á fi openSUSE sórí rẹ̀, á máa ya àwòrán ojú rẹ̀, á sì máa fi wé àwòrán tí wọ́n ti gé sílẹ̀. Tumbleweed, ẹ̀yà openSUSE tó ń jáde lemọ́lemọ́, kì í jáde láìgba ibẹ̀ kọjá. Fedora, ètò aṣàkóso kọ̀ǹpútà mìíràn, náà ń lò ó.

Ìdí rèé tí mi ò fi gba "aládàáṣe" pàápàá, bí ohùn rẹ̀ tiẹ̀ pé. Dá jẹun, dá sùn, dá gbé: níbi tí "dá" yìí bá wà, kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Ṣé openQA ń dá nǹkan ṣe ni? Èèyàn ló fi Perl, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ ohun tó ń tẹ̀ lé. Bí àwòrán ò bá bára mu, èèyàn ló máa wò ó bóyá nǹkan bàjẹ́ ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi ìrọ̀lẹ́ kan gbáko wá ìdí tí ìdánwò kan fi kùnà. Fọ́ǹtì ló yí padà.

Ẹ wo ohun tí a ti ní nílé: àfọwọ́kọ, àfọwọ́ṣe, àfọwọ́fà. Ìdánwò tí èèyàn jókòó ṣe, àfọwọ́ṣe. Èyí tó fi ẹ̀rọ ṣe, àfẹ̀rọṣe. "Fi" tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ ká mọ̀ pé ẹnì kan ló ń lo ẹ̀rọ náà.

Ó ku ti abẹ́rẹ́. "Needle" ni openQA ń pe àwòrán tí wọ́n gé sílẹ̀ yẹn, pẹ̀lú fáìlì tó sọ ibi tí wọ́n fẹ́ kó wò. Àbúrò wa tó wà ní London ní ká má pè é ní abẹ́rẹ́, pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń wá abẹ́rẹ́ nínú koríko. Ta ló bọ́ lọ́wọ́ adẹ́tẹ̀ tó dète, ṣé abẹ́rẹ́ kọ́ ni? Ibi kékeré lójú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń sàmì sí, bí ibẹ̀ bá sì jọ ọ́ tó 96 nínú 100, ẹ̀rọ gbà pé òun ti rí i, àfi bí ẹni tó gé e bá yí iye náà. Abẹ́rẹ́ ni mo dúró lé.

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ohùn òkè tẹ̀ lé à- rẹ̀, tí oní- wá wọ̀ ọ́, tí ohùn ìsàlẹ̀ náà pòórá, ẹ fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó gbé àkójọ yẹn síta.