Kíìtì àyẹ̀wò ò tó, ta ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kó kíìtì tó ń yẹ HIV àti sífílíìsì, àìsàn tí èèyàn ń kó nínú ìbálòpọ̀, wò pa pọ̀ wá fún wa, àmọ́ kò pọ̀ rárá. Ọ̀gá wa wá ní ká máa wo ojú èèyàn, pé àwọn ọmọbìnrin tí ò tíì lọ́kọ àtàwọn ọlọ́kadà ni ká máa yẹ̀ wò, ká má fi ṣòfò lórí ìyàwó ilé. Lánàá aboyún kan wá forúkọ sílẹ̀, ó lo ìborùn, ọkọ ẹ̀ dúró tì í, wọ́n ní ká jẹ́ kó máa lọ. Ọkàn mi ò balẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ tiyín?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ọmọ mi, tètè pe obìnrin yẹn padà. A kì í ṣa aboyún. Gbogbo wọn pátá ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní ká yẹ̀ wò fún sífílíìsì, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ti wá. Àìsàn yẹn lè pa ọmọ sínú ìyá ẹ̀, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ benzathine penicillin ló ń wò ó, 2.4 mílíọ̀nù yúnítì, a máa ń pín in sí ìdí ọ̀tún àti òsì torí ó pọ̀, ó sì ń dun èèyàn. Tí ò bá tíì pẹ́ lára ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ti tó, tó bá ti pẹ́ tàbí a ò mọ ìgbà tó kó o, ẹ̀ẹ̀mẹta ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bùọ̀dá Láàbù: Ojú ò lè sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ wo kilamídíà, àìsàn ìbálòpọ̀ mìíràn, ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní in ni nǹkan kan ò ṣe, kò yún wọn, kò ta wọ́n, títí tó fi máa ba ọ̀nà tí ẹyin ń gbà jẹ́. L'Amẹ́ríkà, CDC, àjọ ìjọba wọn tó ń dènà àìsàn, ní kí gbogbo obìnrin tó ń ní ìbálòpọ̀ tí ò tíì pé ọdún 25 máa ṣàyẹ̀wò kilamídíà àti àtọ̀sí lọ́dọọdún, wọn ò bèèrè bóyá ó lọ́kọ. Àmì àìsàn la ṣì fi ń wò ó ní ọ̀pọ̀ sẹ́ńtà tiwa, ẹni tí ò bá ní àmì á kàn máa lọ sílé ni.

Ìyá Wùrà: Mi ò kì í ṣe nọ́ọ̀sì o, ìyàwó ilé ni mí, ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín sì dùn mí gan-an. Ṣé ìyàwó ilé ló ń tẹ̀ lé ọkọ ẹ̀ kiri ìta ni? Inú ilé tá a jókòó sí náà ni wọ́n ti ń gbé e wá bá wa.

Ẹni tó bèèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pe aboyún yẹn, ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ó ní in ńkọ́ mà, kí ni mo fẹ́ sọ fún ọkọ ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Òun nìkan ni kó o kọ́kọ́ sọ fún, ti ilẹ̀kùn. Tó bá gbà, kó mú ọkọ ẹ̀ wá kí òun náà gba abẹ́rẹ́, torí tá a bá wo ẹnì kan tá a fi ìkejì sílẹ̀ á tún kó o padà ni. Má dá sí ẹni tó kọ́kọ́ kó o wálé. Kíìtì tó bá kù lẹ́yìn aboyún, àwọn tí egbò wà lójú ara wọn ni kó o lò ó fún, àti àwọn tó bá wá torí àtọ̀sí, ì báà jẹ́ ọlọ́kadà, ì báà jẹ́ pásítọ̀.