Ọmọ tí kì í la ẹnu ní kíláàsì mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọ kan kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ iṣẹ́ títọ́ àti kíkọ́ ọmọ kéékèèké, kí n tó gba NCE, ìwé-ẹ̀rí àwọn olùkọ́. Nígbà tí mo wọlé, mo rò pé kí èèyàn ṣáà ti fẹ́ràn ọmọdé, kó sì mọ orin kọ, ó ti tó.

Ìsẹ́yìn ni mo ti ṣe TP, ìyẹn iṣẹ́ olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dánra wò, lọ́dún kẹta. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì tí wọ́n fún mi, kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Bí mo bá ní kí wọ́n ka nọ́ńbà lédè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn yòókù á máa pariwo, òun á máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé orí rẹ̀ kì í tètè gba nǹkan. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Lọ́jọ́ kan, bàbá rẹ̀, tó ń hun aṣọ òfì, pẹ́ kó tó wá mú un. Ọmọ yìí bá kó ìkékù òwú jáde nínú báàgì rẹ̀, ó ń tò wọ́n sílẹ̀: pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀, aláró lọ́tọ̀. Mo lóṣòó tì í, mo bi í ní Yorùbá pé mélòó ni pupa.

"Méje ni. Ó ku ẹyọ kan, àǹtí, kí èmi àti bọ̀dá mi lè mú mẹ́rin mẹ́rin."

Ojú tì mí.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, onímọ̀ nípa ètò ẹ̀kọ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Láti 1970, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti kọ ìdáhùn yìí nínú ìdánwò rí, mo sì gba máàkì, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí lára.

Mo pa ohun tí mo kọ nípa ọmọ náà rẹ́. Yorùbá ni mo kọ́kọ́ fi ń ka nǹkan látìgbà náà, kí n tó mú Gẹ̀ẹ́sì wọlé. Kí n tó kúrò níbẹ̀, òun náà ti ń nawọ́ sókè.

Ọ̀rọ̀ kí á tètè máa fún ọmọ kéékèèké ní pẹ́ńsùlù kó fi kọ̀wé náà tún wà. Ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta kò tíì lágbára tó; amọ̀ pípò àti ìlẹ̀kẹ̀ sínsín ló yẹ kó ṣáájú. Àwọn òbí máa ń fẹ́ rí ìwé tó kún fún ìkọ̀wé, n kò sì tíì mọ bí mo ṣe lè là á yé wọn dáadáa.

Mo fẹ́ lọ gba dìgírì. Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ ṣí kíláàsì ọlọ́mọ ogún péré ní àdúgbò wa, tí kò ní sí pàṣán níbẹ̀. Mo ti ń ṣa ìdérí ìgò àti ìkarahun ìgbín jọ. Òwú kò wọ́n mi: lọ́jọ́ tí mo ń kúrò n'Ísẹ́yìn, bàbá ọmọ náà di ìkékù òfì kún àpò kan fún mi. Pupa ló pọ̀ jù níbẹ̀.