Mọ́tò mi tó ń gbóná nínú gó-síló: ó ti yanjú o

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mọ́tò mi àtijọ́ tó ti rìn kọjá 300,000 kìlómítà, èyí tí mo bi yín léèrè níbí níjọ́sí pé ó máa ń gbóná tí gó-síló bá ti mú wa ní Ìwó Road n'Ìbàdàn àmọ́ tí kì í ṣe nǹkan kan lórí ẹ́sípírẹ́ẹ̀sì, ara ẹ̀ ti yá. Nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá mi lóhùn, ẹni tó ní ká yẹ fáànù rediétọ̀ (ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù) wò ló gbà á. Rewáyà (oníṣẹ́ iná mọ́tò) tan AC, tó yẹ kó mú fáànù yí, fáànù ò yí, ó wá so ó mọ́ bátìrì tààrà, ló bá yí, fíúsì náà ò jó, bá a ṣe mọ̀ nìyẹn pé ríléè ẹ̀ (súìṣì tó ń gbé iná fún fáànù) ló ti kú. A pààrọ̀ ẹ̀, ó tán. Tẹ́ ẹ bá ń sáré, atẹ́gùn ló ń fẹ́ sí rediétọ̀, tẹ́ ẹ bá dúró, fáànù nìkan ló kù.

Tẹmosítáàtì (ohun tó ń dá omi rediétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi móoru) tí mẹkáníìkì ti yọ dànù, mo ti fi tuntun sí i, kì í ṣe òun ló wo ìgbóná yẹn o, àmọ́ ẹ́ńjìnnì tètè ń móoru láàárọ̀ báyìí, epo tó ń jẹ náà dín díẹ̀, kò kàn pọ̀ tó bẹ́ ẹ ṣe sọ ni. A da omi ẹ̀rọ inú rediétọ̀ nù, ìpẹtà ló kún ibẹ̀, kúláǹtì, omi tí wọ́n ṣe fún títu ẹ́ńjìnnì lára, la wá rọ sí i.

Ó ku ọ́ìlì tó ń jò níbi gáàsíkẹ́ẹ̀tì (ohun tó ń dí ojú ìsopọ̀ kí ọ́ìlì má jò) orí ẹ́ńjìnnì. Mò ń fa dipstick, ọ̀pá tá a fi ń wọn ọ́ìlì, wò ní gbogbo Sátidé, mo sì ń bù díẹ̀ sí i, tówó bá dé màá pààrọ̀ gáàsíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Ẹ ṣeun gan-an.