Ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ojú dín kù lẹ́yìn lésà àtọ̀gbẹ: ṣé ewu ni?

Ọmọ Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ojú. Ìyá kan wà ní Ọ̀yọ́ níbí, ẹni ọdún 58, ó ti tó ọdún 14 tí àtọ̀gbẹ ti wà lára wọn. Wọ́n ti yin lésà sí ojú méjèèjì, àpá bíi 1,500 fún ojú kọ̀ọ̀kan, ìjókòó mẹ́ta. Ojú ọ̀tún tún gba abẹ́rẹ́ bevacizumab lẹ́ẹ̀mejì torí pé mákúlà, àárín rẹ́tínà (awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀), wú. Àyẹ̀wò oṣù kẹta wá fi hàn pé iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ́tínà ti tín-ín-rín, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ sì ti dín kù. Ẹ̀rù ń ba àwọn ọmọ wọn, wọ́n ní ìtọ́jú ló fún iṣan pa. Bẹ́ẹ̀ ríran wọn kò burú sí i: 6/12 lọ́tùn-ún (ohun tí ojú pípé ń rí láti mítà 12, mítà 6 ni wọ́n ti ń rí i), 6/9 lósì. Báwo la ṣe ń mọ ìdínkù tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára? Kí ló sì lè mú kí wíwọ̀n rẹ̀ ṣini lọ́nà?

Olùtọ́jú Rẹ́tínà, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú àníyàn o. Ẹ bá wa fọkàn àwọn ọmọ ìyá balẹ̀, ìdínkù yẹn gan-an la ń retí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ni alájẹkì ọ́síjìn nínú rẹ́tínà. Lésà sun díẹ̀ nínú wọn ní etí, kò kan àárín. Èyí tó jóná kò bèèrè ọ́síjìn mọ́, nítorí náà ọ́síjìn láti kọ́róìdì, awọ tó kún fún ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn rẹ́tínà, ń gba ojú àpá wọ̀nyẹn dé inú lọ́hùn-ún. Nígbà tí ebi ọ́síjìn bá ti rọ̀, iṣan á sún ara rẹ̀ kì, torí kò sídìí fún un láti fẹ̀ mọ́. VEGF, èròjà tí rẹ́tínà ń tú jáde nítorí ebi náà, á lọ sílẹ̀ pẹ̀lú. Òun ló ń mú iṣan fẹ̀, tó ń mú un jò, tó sì ń mú kí iṣan tuntun hù. Bevacizumab, 1.25 mg nínú 0.05 ml, ń mú VEGF fúnra rẹ̀ so. Ìdí nìyẹn tí iṣan fi ń tín-ín-rín lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ti abẹ́rẹ́ máa ń lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ti lésà ló ń pẹ́.

Iye tó wà lórí ìwé sì lè dẹ́rù bani lásán. Bí ìbú iṣan bá fi ìdá 10 nínú 100 dín, tí agbára tó ń ti ẹ̀jẹ̀ kò yí padà, ìṣàn á fi nǹkan bí ìdá 34 nínú 100 dín (0.9 × 0.9 × 0.9 × 0.9 jẹ́ nǹkan bí 0.66).

Èyí tó ń kọ wá lóminú ni iṣan tó funfun bí okùn òwú, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé láàárín mákúlà tó ń fẹ̀ sí i, tàbí kí ríran já láti 6/12 sí 6/36 láìsí omi, ẹ̀jẹ̀ tàbí kataráàtì tó ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ má sì ṣèlérí fún wọn pé iṣan tó ti dí yóò là padà. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.

Ayàwòrán Ojú, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ béèrè ẹ̀rọ tí wọ́n lò ná. OCT-A, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀, ń fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń rìn hàn, kì í sọ iye tó ń kọjá. Èyí tó ń rìn jẹ́jẹ́ jù kò ní hàn rárá, ẹ ó sì rò pé iṣan ti kú. Doppler OCT àti laser speckle ló ń wo ìyára. Ẹ má fi àbájáde ọ̀kan wé ti èkejì. Bí ẹ̀rọ bá ń fún àwòrán ní máàkì lórí 10, èyí tí kò bá tó 7, ẹ tún un yà.

Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ká ní wọ́n wá pẹ̀lú 150/90: ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 110, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 73, ẹ yọ ìfúnpá inú ojú, ká pè é ní 16, ó ku 57. Bí oògùn bá ti sọ ọ́ di 120/75 ní oṣù kẹta, 44 ló kù. Agbára tó ń ti ẹ̀jẹ̀ wọ ojú ti yàtọ̀ gidi, kì í sì í ṣe lésà ló fà á.

Ẹ má wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, torí ìfúnpá ojú máa ń fò sókè fúngbà díẹ̀. Tropicamide 1% ni kí ẹ kán, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú 20 sí 30; phenylephrine lè fún iṣan. Kí wọ́n má jẹ obì láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n má sì mu kọfí, nítorí káfíìnì inú méjèèjì ń fún iṣan rẹ́tínà. Ẹ dárúkọ obì fún wọn ní tààrà, àgbà tó bá ti jẹ ẹ́ tipẹ́ kì í kà á mọ́ oúnjẹ tàbí oògùn.

Ọmọ Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Ẹ ṣé gan-an ni. 150/88 la kọ sílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, 124/78 ní oṣù kẹta, kò sì sẹ́ni tó béèrè nípa obì. A ó tún un wọ̀n. Ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n padà wá?

Olùtọ́jú Rẹ́tínà, Ògbómọ̀ṣọ́

Ojú ọ̀tún, oṣooṣù títí mákúlà yóò fi gbẹ. Abẹ́rẹ́ méjì kì í sábà tó. Òsì, oṣù mẹ́ta síra. Kí ẹ tó kán oògùn tó ń la ọmọlójú, ẹ kọ́kọ́ fi slit lamp, ẹ̀rọ oníná tó ń sọ ojú di ńlá, wo awọ tó yí ọmọlójú ká. Bí iṣan tuntun bá wà níbẹ̀, lésà kò tíì tó, ìfúnpá ojú sì lè ga láìpẹ́.

Bí ojú bá pọ́n, tó ń ro wọ́n, tí ríran sì ń ṣe bàìbàì láàárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kí wọ́n wá lọ́jọ́ náà, kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Bákan náà ni bí ojú kan bá ṣàdéédéé ṣókùnkùn láìsí ìrora. Ẹ kọ nọ́mbà ọsibítù sí ẹ̀yìn káàdì wọn, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà kí ìyá fúnra wọn lè rí i kà.