Àríà 0 mi já sí méjì, hub kan ò rí ìkejì

Akẹ́kọ̀ọ́_OSPF: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá. OSPF ni mò ń lò, ètò tí àwọn ráútà fi ń sọ ọ̀nà fún ara wọn. Hub (ráútà àárín) méjì ni mo ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àríà 0 (àríà tó so àwọn àríà yòókù pọ̀) tiẹ̀ lẹ́yìn, gbogbo spoke (ráútà ẹ̀ka) wà ní àríà 1 wọ́n sì so mọ́ hub méjèèjì. Wáyà tó so hub sí hub ti kú, látìgbà yẹn àwọn spoke ń rí gbogbo ibi, àmọ́ hub A ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lẹ́yìn hub B. Èyí tó wá ń dà mí láàmú ni pé tí mo bá wo database àríà 1 (àkójọ ìròyìn ọ̀nà tó gbọ́ níbẹ̀) lórí hub A, ọ̀nà yẹn wà níbẹ̀ kedere, kò kàn wọ routing table (àtẹ ọ̀nà tí ráútà ń tẹ̀lé) ni. Ṣé ráútà yìí ti ya wèrè ni?

Bàbá_Ráútà: Kò ya wèrè jàre. Ráútà tó bá ti ní ẹsẹ̀ nínú àríà 0 àti àríà míì, summary (ìròyìn ọ̀nà àríà míì) tó bá gba àríà 0 wọlé nìkan ló máa ń lò, èyí tó bá gba àríà 1 dé, á kàn tọ́jú ẹ̀ ni, kí pákẹ́ẹ̀tì má baà máa yípo. Spoke ò ní àríà 0 lára, ìyẹn ló fi ń rí tibí rí tọ̀hún. Fi virtual link (ìsopọ̀ àríà 0 tó gba inú àríà 1 kọjá, láìní wáyà tiẹ̀) ran án pọ̀. Lórí hub A kọ `area 1 virtual-link` kí o fi router ID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ráútà) hub B tẹ̀lé e, kí o ṣe bákan náà lórí hub B. Router ID o, kì í ṣe IP interface! Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í.

Akẹ́kọ̀ọ́_OSPF: Mo ti ṣe é ọ̀gá, kò gbéra. Àbí torí pé stub (àríà tí kì í gba ọ̀nà tó wá láti òde OSPF) ni àríà 1?

Bàbá_Ráútà: Háà, o ò sì sọ látàárọ̀! Virtual link kì í gba inú stub kọjá. Yọ stub yẹn lórí gbogbo ráútà àríà 1, má ṣẹ́ ìkankan kù, torí èyí tó ní stub àtèyí tí kò ní ò ní di neighbor (ráútà tó ń bára wọn sọ̀rọ̀) mọ́. Òru ni kó o ṣe é o.

Tunnel_Ni_Tèmi: Ẹ má bínú o, àmọ́ ẹrù hub méjèèjì á wá máa gba orí spoke kọjá nìyẹn, ṣé ìlà ẹ̀ gbé e? Tí hub méjèèjì bá ní íntánẹ́ẹ̀tì, GRE (tunnel tó so hub méjèèjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì) pẹ̀lú IPsec (èyí tó ń dáàbò bo ohun tó ń gba inú ẹ̀) ni tèmi, ẹ fi tunnel náà sí àríà 0, stub yín á sì wà níbẹ̀. Ẹ kàn rí i pé MTU (ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù tó lè kọjá) bára mu lápá méjèèjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ EXSTART (ìpele kan kí neighbor tó parí ìsopọ̀) lẹ máa há sí.

Akẹ́kọ̀ọ́_OSPF: Mo yọ stub lóru àná, OSPF_VL0 (virtual link náà) ti di FULL (ìsopọ̀ ti pé), ping ń lọ. Spoke kan ti ń mí gúlegúle lóòótọ́, torí náà mo ti ń múra GRE yẹn.