Ta ló ń san owó oṣù tuntun táwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbà yìí?

ÌyáÌbejì_Tàkíé:
Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá yé kó là mí lọ́yẹ̀. Pirofíṣọ̀n ni mò ń tà nítòsí Tàkíé, àwọn tíṣà àtàwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní lókà ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, àwìn ni wọ́n sì ń rà, mo níwèé tí mo ń kọ orúkọ wọn sí, màá kọ gààrí kóńgò méjì, mílíìkì, ọṣẹ, màá wá fi báírò pupa kọ 25 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ torí ọjọ́ yẹn ni álààtì wọn máa ń wọlé. Nígbà tí Gómìnà Mákindé kéde owó oṣù ₦80,000 ní ìparí 2024, inú mi dùn gan-an, mo mọ̀ pé àwọn èèyàn mi á lè san gbèsè. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan wá ra omi, ó ní gbogbo ìgbà tí yúníọ̀nù bá ti bá ìjọba tọwọ́ bọ̀wé, owó títì àti owó ọsibítù ni wọ́n ń kó lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ṣé òótọ́ ni? Ibo gan-an lowó náà ti ń wá?

Akáwùǹtì_Ọ̀yọ́:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà. Iṣẹ́ akáwùǹtì ni mo ṣe fún ogún ọdún l'Ọ́yọ̀ọ́ níbí, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń rí nínú ìwé.

₦80,000 tẹ́ ẹ gbọ́ un, ti ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni. Òfin tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lóṣù keje 2024 ní kò gbọ́dọ̀ dín ní ₦70,000, ìpínlẹ̀ wa ló fi ₦10,000 lé e. ₦30,000 ni tẹ́lẹ̀, láti 2019. Ẹ wá wò ó, ẹni tó ti ń gba nǹkan bí ₦80,000 tẹ́lẹ̀ ńkọ́, tó ti kàwé tó ti gba ìgbéga, ṣé ẹ máa sọ fún un pé òun àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ lánàá á jọ máa gba iye kan náà? Kò ní gbà. Ìdí nìyẹn tí ìjọba àtàwọn olórí òṣìṣẹ́ fi máa ń tún jókòó lẹ́yìn ìkéde, wọ́n á máa dúnàádúrà lórí iye tí wọ́n máa fi kún ti lẹ́fẹ́ẹ̀lì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kàn títí dé 17, consequential adjustment ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ gan-an lowó wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ. Ká ní òṣìṣẹ́ 1,000 péré, ká ní tá a bá pín in dọ́gba, ₦40,000 ló kún ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mílíọ̀nù 40 lóṣù nìyẹn, mílíọ̀nù 480 lọ́dún. Òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ sì pọ̀ ju 1,000 lọ fíìfíì. Títì tí wọ́n bá ṣe tán, ó tán nìyẹn, ṣùgbọ́n owó oṣù tó bá ti wọ bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí ti wọ ti èèmíì nìyẹn, bóyá owó tí wọ́n ń pín l'Ábújá pọ̀ ni o, bóyá kò pọ̀. Ẹ rántí 2015 sí 2016, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ò rí owó oṣù san títí ìjọba àpapọ̀ fi dìde sí i. ₦18,000 ló kéré jù nígbà yẹn o.

Àwọn tíṣà pírámárì àtàwọn ará lókà tó ń rajà lọ́wọ́ yín, inú ìpín ìjọba ìbílẹ̀ lowó tiwọn ti ń jáde, tíṣà sẹ́kọ́ńdìrì ló wà lọ́rùn ìpínlẹ̀. Àdéhùn kan, àpò méjì ni wọ́n ń tú.

ỌmọAjílété:
Ọ̀gá, àlàyé yín dáa, àmọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Bọ́jẹ́ẹ̀tì 2025 tí gómìnà gbé lọ sílé aṣòfin n'Íbàdàn tó bílíọ̀nù 678, iṣẹ́ àkànṣe ló sì kó ohun tó lé díẹ̀ ní ìdajì ẹ̀. Owó oṣù ò tíì gbé gbogbo ẹ̀ mì. Lẹ́yìn náà, owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù, àpò ìpínlẹ̀ náà ló ń padà sí. Èyí tó kù ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì ló ń lọ, ọ̀dọ̀ ọlọ́kadà, ọ̀dọ̀ aránṣọ. Láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo, ẹ bi ìyá fúnra wọn iye tí wọ́n ń ra páálí mílíìkì. Òṣìṣẹ́ ò tọrọ àṣejù.

TíṣàÀgbà:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò tíì dárúkọ àwa tá a ti fẹ̀yìn tì. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti kọ́ni. Ìwé òfin Nàìjíríà, abala 210, sọ pé kí wọ́n máa yẹ pẹ́ńṣọ̀n ìpínlẹ̀ wò lọ́dún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkígbà tí wọ́n bá yẹ owó oṣù wò, èyí tó bá kọ́kọ́ yá. Nítorí náà tí wọ́n bá tọwọ́ bọ̀wé fún òṣìṣẹ́ láìṣírò tiwa mọ́ ọn, wọn ò tíì sọ iye tí àdéhùn yẹn máa ná wọn. Lóṣù mélòó kan lọ́dún 2023, ₦25,000 ni wọ́n fi ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ₦15,000 sì ni tiwa, ó kéré sí tiwọn ṣùgbọ́n wọ́n kà wá mọ́ ọn, mo dúpẹ́. Gíràtúítì, owó gbankọgbì tí wọ́n ń san fún ẹni tó fẹ̀yìn tì, ló ń dùn mí. Fáìlì mi wà nínú náílọ̀n dúdú lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, etí ẹ̀ ti ń já, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè wá fún àyẹ̀wò ni mo ń gbé e lọ. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ máa ń tò sórí ìlà, ó ti kú, kò rí tiẹ̀ gbà.

Akáwùǹtì_Ọ̀yọ́:
Ẹ pẹ̀lẹ́ bàbá, Ọlọ́run á tẹ́ ọ̀rẹ́ yín sáfẹ́fẹ́ rere. Òótọ́ lẹ sọ, èmi náà fò ó. Òfin 2024 yẹn tún ti sọ ọdún márùn-ún tí wọ́n fi ń yẹ owó oṣù wò di mẹ́ta, ìyẹn ni pé 2027 ló tún kàn. Kò sí ìjọba tó lè sọ pé òun ò mọ̀ pé ó ń bọ̀.

ÌyáÌbejì_Tàkíé:
Ẹ ṣé gan-an, ó ti yé mi wàyí. Bàbá, ọ̀rọ̀ fáìlì yẹn wọ̀ mí lára. Ọ̀gá akáwùǹtì, bọ́jẹ́ẹ̀tì yìí, ṣé irú èmi lè rí i? Kí ni màá máa wò níbẹ̀?

Akáwùǹtì_Ọ̀yọ́:
Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ìbejì bá yín wá a jáde lórí fóònù. Ẹ ní kí wọ́n wo ibi tí wọ́n kọ personnel cost sí, ìyẹn owó tí wọ́n ń ná lórí òṣìṣẹ́, kí wọ́n wo ti pẹ́ńṣọ̀n àti gíràtúítì nísàlẹ̀ ẹ̀, kí wọ́n fi ti 2024 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 2025. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ kọ iye ẹ̀ síbí ká jọ ṣírò ẹ.